Abẹ́rẹ́ Tó Ń Tẹ̀ Sósì

Bí ènìyàn bá wọ abúlé Glen Gorm létí òkun tó ní òun ń wá Ranald MacPhee, wọn yóò kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ ná. MacPhee pọ̀ níbẹ̀ bí òkúta etí òkun, Ranald inú wọn nìkan sì tó mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bó bá ní Ranald Igi lòun ń wá, ọmọdé tó ń ṣeré lójú ọ̀nà gan-an yóò mú un dé ẹnu ilẹ̀kùn. Àwọn àlejò máa ń rò pé torí iṣẹ́ káfíńtà tó ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ranald kì í já wọn ní koro. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé etí rẹ̀ ni wọ́n fi ń bú u.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Alasdair, bàbá rẹ̀, ni ọ̀gá àwọn tó ń ta gòjé ní gbogbo àfonífojì yẹn, ilé ìdáná wọn ni gbogbo ayé sì máa ń kó sí nírọ̀lẹ́ Sátidé nígbà òtútù. Wọn a ti tábìlì mọ́ ògiri, Alasdair a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù onígi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì a máa lu pákó ilẹ̀, inú ilé a sì móoru. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n ní kí Ranald náà gbé orin kan. Ó gbé e. Kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí àbúrò bàbá rẹ̀ fi gbé ife tíì sílẹ̀ tó ní, "Alasdair, ṣé igi lo fi gbẹ́ etí ọmọ yìí ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, èyí ló sì dun Ranald jù. Kò parí orin náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu lásán ló ń là ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ ẹnu ọ̀hún là débi pé àlùfáà kan tó wá láti ìlú mìíràn ti dì mọ́ ọn rí lẹ́yìn ìsìn, tó ní òun kò rí ẹni tó ń fi tọkàntọkàn kọrin tó o.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ranald ti fẹ́ Rhoda, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì ti bí Morag, ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tó ti pé ọdún márùn-ún. Alasdair ti kú ní òtútù èṣín. Gòjé rẹ̀ wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Effie, ìyá Ranald, ṣì wà pẹ̀lú wọn nínú ilé náà, ara rẹ̀ le koko, ẹnu rẹ̀ sì mú báyìí ju ti ìgbà èwe rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń já Ranald láyà kò ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ló máa ń tẹ̀ sórí Morag, tí yóò ní, "Etí ta ni eléyìí mú? Ti bàbá àgbà ni àbí ti bàbá ẹ̀?" Ranald a bá wọn rẹ́rìn-ín, a bu tíì fún wọn. Tí wọ́n bá lọ tán, a tẹjú mọ́ àárín ilé ìdáná. Ó ń rí i lọ́kàn rẹ̀ bí Morag yóò ṣe dúró láàárín ilé ìdáná yẹn lọ́jọ́ kan, bí ẹnìkan yóò ṣe gbé ife tíì sílẹ̀. Ó búra pé kò ní ṣojú òun.

Ó wá ra ìwé. Dókítà kan ní ìlú ńlá ló kọ ọ́, nípa bí òbí ṣe lè fi etí orin sára ọmọ kékeré nílé. Ìwé náà nípọn bíi bíríkì. Bí Ranald ṣe rí àwòrán àti ìlà àti òǹkà tó wà nínú rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn ohun tí a lè wọ̀n. Káfíńtà ni. Ohun tí tépù bá wí àti ohun tí lẹ́fẹ́lì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan dúró tààrà, bá wí, abẹ́ gé e. Ó kàwé náà ní ọjọ́ mẹ́ta, ó sì yọ òfin mẹ́rin nínú rẹ̀: kí ilé dákẹ́, kí ọmọ máa kọrin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ láìsí dùùrù tàbí ohun èlò kankan, kí òbí má ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Òfin àkọ́kọ́ ló ti kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Effie kì í po ìyẹ̀fun kí ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ó máa ń fi ẹnu ta gòjé ni, bí ìyá tirẹ̀ náà ti ń ṣe nígbà tí kò sí gòjé nílé: hin-dan hó-ro hin-dan dì, hin-dan hó-ro hín. Kò nítumọ̀, kò sì lópin. Ó ń fi po búrẹ́dì, ó ń fi yan bisikíìtì óòtì, ó ń fi dá iná, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á sì máa lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ranald lọ bá a níbi tó ti ń pò ó. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi orin yẹn díẹ̀. Ìwé ní ohùn tí ò bá dúró dáadáa máa ń ba etí ọmọ jẹ́."

"Ìwé wo?"

"Èyí tí dókítà kọ, Màmá."

"Dókítà yẹn ti jó rí?"

"Wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀."

"Wọn ò lè kọ ọ́." Effie gbá ìyẹ̀fun nù lọ́wọ́. "Ọmọ mẹ́fà ni mo fi ẹnu yìí rẹ̀ lẹ́kún. Ìwọ nìkan ni etí ẹ bàjẹ́ nínú wọn, ìwọ náà lo wá ń kọ́ mi. Ó dáa. Mo ti gbọ́. Màá máa po búrẹ́dì bí ẹni tó wà nílé òkú."

Ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ yẹn le bí òkúta, Ranald sì jẹ ẹ́ tán.

Ní ti wíwọ̀n, Ranald ti rí ohun tí yóò fi ṣe é. Nínú fóònù rẹ̀ ni ohun kan wà tó dà bí ojú agogo, abẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín rẹ̀. Bí ohùn bá bọ́ sí ojú ibi tó yẹ, abẹ́rẹ́ a dúró ṣánṣán, ojú náà a di àwọ̀ ewé. Bí ohùn bá wálẹ̀ jù, abẹ́rẹ́ a tẹ̀ sósì, ojú a pọ́n. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tí ènìyàn fi lè ka bí ohùn ṣe jìnnà sí. Inú Ranald dùn sí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn ju bó ṣe dùn sí orin fúnra rẹ̀ lọ. Ó fi rúlà fa ìlà sí bébà ńlá kan, ó kọ ọjọ́ sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara firíìjì, ó sì ra ìràwọ̀ aláwọ̀ góòlù tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé ọmọ iléèwé. Bí ojú fóònù bá di ewé, ìràwọ̀ kan. Bí ó bá pọ́n, àgbélébùú kékeré kan pẹ̀lú pẹ́ńsù.

Nírọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ó gbé Morag dúró sórí àpótí ìjókòó kékeré tó kàn fún un, ó sì di fóònù mú níwájú rẹ̀.

"Orin ọkọ̀ kékeré yẹn," ni Ranald wí. Orin tí Effie, tí Morag ń pè ní Nana, fi ń gbé e sùn ni.

"Ṣé Nana ò ní bá mi kọ ọ́ ni?"

"Rárá, ìwọ nìkan. Má bẹ̀rù. Kọ ọ́ bó ṣe yẹ."

Morag kọ ọ́. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ sósì, ó sì jókòó síbẹ̀. Ojú fóònù pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ranald ka ìlà. Mẹ́jọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín irú èyí tí dókítà eyín máa ń rín, ó sì kọ àgbélébùú.

Lọ́jọ́ kejì, sósì, mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹta, sósì, mẹ́jọ. Ó pààrọ̀ orin, ó yí àpótí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ní kí ọmọ mu omi gbígbóná ná. Mẹ́jọ. Ó lọ to ife onígíláàsì méje sórí tábìlì, ó fi tépù wọn omi inú wọn, kí Morag lè fi ṣíbí lu dò, rè, mí. Ológbò wá, ó lá "dò" dé ìdajì, ó sì gbá "sọ̀" dànù sórí ìwé dókítà. Rhoda rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ranald kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi aṣọ nu ojú ìwé karùndínlógójì, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí òbí máa fi ayọ̀ ṣe é.

Bí ẹ bá bi Ranald lónìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín pé òmùgọ̀ méjì ló wà nínú ilé náà nígbà yẹn: òun, àti ẹni tó ń wo òun nínú dígí. Ọkùnrin tó ń fi ojú lásán rí i pé fèrèsé kan wọ́, ó wo mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ fún odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò bi ara rẹ̀ léèrè ohunkóhun. Ẹ̀rù ló dí i lójú. Àgbélébùú kọ̀ọ̀kan tó ń kọ, bí ẹni pé àbúrò bàbá rẹ̀ tún gbé ife tíì sílẹ̀ ni.

Yìnyín ti ń yọ́, àwọn apẹja ti ń kun ọkọ̀ wọn, nígbà tí Rhoda fà á lápá kan nínú ilé ìdáná.

"Ranald, fetí sílẹ̀. Kí lo gbọ́?"

Ó fetí sílẹ̀. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Morag wà nínú omi, ó ń wẹ̀. Kí lo gbọ́?"

"Omi."

"Omi nìkan." Rhoda kò pariwo. "Ọmọ tó ń kọrin fún adìyẹ, tó ń kọrin fún bàtà ẹ̀. Ìgbà wo lo gbọ́ ọ kẹ́yìn?"

Ranald ronú padà sẹ́yìn, ọjọ́ kan sí èkejì. Lóòótọ́, ilé ti dákẹ́ bí ìwé ṣe fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀ kò fi ẹnu ta gòjé mọ́. Ọmọ ń kọ orin ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹni tó ń mu oògùn, bó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ẹnu rẹ̀ ti pa dé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì gan-an ni Sadie, aládùúgbò wọn, yà wọlé láti yá ṣúgà, tó sì ní, "Morag, bá mi kọ orin kan kí n tó máa lọ."

Morag kò gbójú sókè níbi tó ti ń yàwòrán. "Èmi kì í kọrin, mà. Igi ni mí, bíi ti Dádì."

Sadie rẹ́rìn-ín. Effie kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Ranald kọjá orí ìkòkò, Ranald ìbá sì fẹ́ kí ó kúkú bú òun. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró ti igi ìdáná tó tò sílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tó ń sá fún láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ọmọ.

Ẹ ó rò pé ó gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Rárá o. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé irinṣẹ́ kan ló kù. Dùùrù ń bẹ nínú pálọ̀, èyí tí Alasdair rà nígbà tó gbéyàwó, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún ṣe láti ìgbà tí Ranald ti gbọ́njú. Bóyá bí dùùrù bá dára, orin yóò tún wu ọmọ náà. Ó pe Placide Aucoin, tó máa ń tún dùùrù ṣe káàkiri etí òkun, láti ìlú Chéticamp wá.

"Fi dùùrù yẹn sílẹ̀," ni Effie wí. "Kò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan."

"Màmá, wọn ò tíì tún un ṣe láti ogójì ọdún."

"Èmi náà ńkọ́? Ṣé wàá pe ẹni tó máa tún mi ṣe?"

Placide dé lọ́jọ́ Sátidé ní òwúrọ̀, ọkùnrin kúkurú, àgbàlagbà, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó jẹ bisikíìtì óòtì méjì kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nígbà tó wá ṣí dùùrù, ó tẹ ọ̀kan nínú àwọn eyín funfun tí à ń fìka tẹ̀. Ó tẹ òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú ọ̀fun.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni, sà?" ni Ranald bi í.

"Bàjẹ́ kẹ̀? Àwọn okùn inú ẹ̀ gbọ́ ara wọn dáadáa. Gbogbo wọn ló jọ wálẹ̀ pọ̀ ni, bí ìdílé tó jọ ń dàgbà. Gbé fóònù ẹ wá, jẹ́ kí n fi hàn ẹ́."

Ranald gbé fóònù lé orí dùùrù. Placide tẹ eyín kan. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ sósì, ojú pọ́n. Ranald ka ìlà nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí à ń ṣe sí ìlà. Mẹ́jọ. Placide tẹ òmíràn lókè. Mẹ́jọ. Ó tẹ ọ̀kan nísàlẹ̀. Mẹ́jọ.

Ranald sún mọ́ dùùrù.

"Ẹ tún un tẹ̀, sà."

"Kí ló dé? Ojú ẹ ti funfun."

Ranald lọ sí ilé ìdáná, ó já bébà kúrò lára firíìjì, ó gbé e wá. Placide gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo àgbélébùú márùndínlógójì, pẹ̀lú mẹ́jọ tí Ranald fi ọwọ́ mímọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló kọrin yìí?"

"Ọmọ mi. Ó ti pé ọdún márùn-ún. Etí ẹ̀ ni mo rò pé kò dáa."

"Ta ló sọ fún ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Abẹ́rẹ́ ni."

Placide yọ awò. "Gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tí ò létí, ibi tó bá wù ú ló ń já sí. Lónìí ó lọ sókè, lọ́la ó lọ sísàlẹ̀. Ọmọ yìí ò yẹ̀ rí. Ohùn ilé yìí ló wà létí ẹ̀, kò fi irun kan kúrò lórí ẹ̀. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti kékeré, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti pàdé irú etí yìí." Ó na ọwọ́ sí ilé ìdáná. "Ẹni tó ń kọ́ ọ lórin dà? Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn díẹ̀ sókè fún wa!"

Effie ń po búrẹ́dì. "Wọ́n ti fòfin dè mí," ni ó wí.

"Màmá," ni Ranald wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ kọ ọ́."

Effie gbá ìyẹ̀fun náà mọ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ni hin-dan hó-ro bọ́ lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kò sí dùùrù, kò sí ohunkóhun. Ranald di fóònù mú níwájú ìyá rẹ̀ bó ṣe ń dì í mú níwájú ọmọ rẹ̀. Sósì. Mẹ́jọ. Effie ti bá dùùrù yẹn kọrin fún ogójì ọdún, Alasdair sì ti fa okùn gòjé rẹ̀ wálẹ̀ bá a. Gbogbo ilé ló wà lórí ohùn kan náà. Ranald nìkan ni kò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

"Káfíńtà ni ẹ́, àbí?" ni Placide wí. "Bí wọ́n bá pè ẹ́ sí ilé tó ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún, tí férémù ilẹ̀kùn ti wọ́, ibo lo ti ń gé ilẹ̀kùn? Ṣé lẹ́fẹ́lì lo ń tẹ̀ lé ni?"

Ranald bo ojú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá gan-an ló ká ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń fi lẹ́fẹ́lì wọn ilẹ̀kùn ilé opó kan tó ti fì. Ó bú ọmọ náà dáadáa, ó ní férémù ni kó wọ̀n, kí ó gbé lẹ́fẹ́lì jù sínú ọkọ̀. Ó fi ìdajì wákàtí sọ ọ́.

"Ṣé kí n fà á sókè?" ni Placide bi í. "Okùn lè já o."

"Ẹ fi sílẹ̀, sà. Ẹ kàn nu erùpẹ̀ ara ẹ̀."

Nígbà tí Placide lọ tán, Ranald sáré mú ìràwọ̀. Ó lẹ márùndínlógójì mọ́ orí àgbélébùú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe Morag wá wò ó.

"Gbogbo ẹ̀ lo gbà! Èmi ni mo ṣì í wò. Dùùrù ni, ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀. Ohùn ẹ dáa, ó dáa ju ti gbogbo wa lọ. Ó yá, kọ ti ọkọ̀ kékeré."

Morag wo àwọn ìràwọ̀ náà. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀kan. "Ẹ ṣeun, Dádì," ni ó wí, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ, ó sì padà sídìí àwòrán rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan.

Ranald dúró pẹ̀lú ike ìràwọ̀ lọ́wọ́. Kò sí òfin karùn-ún nínú ìwé dókítà. Ìyá rẹ̀ ń tẹ ìyẹ̀fun, Rhoda náà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ranald mọ ohun tó kù. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìnkùlé, ìdí igi ìdáná, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi sáré pe ẹlòmíràn láti wá tún dùùrù ṣe.

Ó yí bébà náà padà sí ẹ̀yìn tí a kò kọ nǹkan sí. Ó fi pẹ́ńsù kọ RANALD sókè gàgàrà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ firíìjì, ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún lè tó, ó sì kó pẹ́ńsù àti ike ìràwọ̀ fún Morag.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe, Dádì?"

"Mo fẹ́ kọrin. Ìwọ lo máa wọ̀n mí."

"Fóònù dà?"

"Kò sí fóònù. Ìwọ ni abẹ́rẹ́."

Ó gun orí àpótí. Òun ló kàn án, kò sì kàn án fún irú ara tirẹ̀, ó dún kìì lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó dúró yìí kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ sí ibi tó dúró sí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ó la ẹnu, ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì gbé orin tí wọn kò jẹ́ kí ó parí, èyí tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jù: hin-dan hó-ro.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀. Ológbò jáde. Effie gbé ọwọ́ ìyẹ̀fun bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Morag, tó gbà pé abẹ́rẹ́ lòun lóòótọ́, na ara rẹ̀ ṣánṣán, ó tẹ̀ sósì, ó sáré tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tún tẹ̀ sósì, bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó ráyè dúró níbì kan. Níkẹyìn abẹ́rẹ́ ṣubú lulẹ̀, ó ń yí gbirigbiri lórí pákó, ẹ̀rín pa á. Rhoda náà ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé ìdáná yẹn tún ń fi Ranald rẹ́rìn-ín, bíi ti ọjọ́sí, ojú rẹ̀ sì gbóná bíi ti ọjọ́sí. Ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjá ìdajì. Ó di etí àpótí mú pẹ̀lú ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó ń fi ẹsẹ̀ kejì lu pákó, ó sì kọ ọ́ dé òpin.

Morag dìde. Ó kọ àgbélébùú. Ó ronú, ó kọ méjì sí i.

"Tún un kọ, Dádì."

Ó tún un kọ. Kò sàn.

"Rárá, rárá." Morag kò lè fara dà á mọ́. Ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀, ó di ṣòkòtò bàbá rẹ̀ mú. "Kì í ṣe báyẹn. Ẹ gbọ́. Báyìí ni." Ó sì gbé e, hin-dan hó-ro hin-dan dì, ohùn kékeré tó mọ́ gaara, tó jókòó síbi tí ohùn ilé náà máa ń jókòó sí. Effie kò dúró kí wọ́n pè é. Ó bá a gbé e láti ìdí tábìlì, ìyẹ̀fun lójú, ìyẹ̀fun nírun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ranald kò kọrin mọ́. Ó dúró sórí àpótí, ó ń fẹsẹ̀ lu pákó rẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó sì ń sunkún bí ọmọ kékeré.

Nígbà tí wọ́n parí, Morag lọ sídìí bébà. Ó yọ ìràwọ̀ kan nínú ike, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbélébùú.

"Kí ni mo ṣe tí mo fi gbà á?" ni Ranald bi í, ó ń nu imú.

"Ti ẹsẹ̀ yín ni," ni Morag wí. "Ẹnu yín ò tíì gba nǹkan kan."

Ranald wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti ń lu ilẹ̀ bá òòlù rẹ̀ mu láti ogún ọdún, Ranald kò mọ̀ pé ó ń ṣe ohunkóhun.

Bébà náà ṣì wà lára firíìjì. Àgbélébùú ti yí ìràwọ̀ kan yẹn ká pátá, nítorí ojoojúmọ́ ni Morag ń gbé bàbá rẹ̀ gun àpótí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì ṣàánú rẹ̀ rárá. Wọ́n ti sọ gòjé kalẹ̀ lára ògiri. Nígbà tí àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò bàbá Ranald yẹn, tó ti darúgbó báyìí, gbé ife tíì sílẹ̀ tó ní, "Ranald Igi, ìwọ náà gbé orin kan fún wa ná!" Gbogbo wọn ń retí ẹ̀rín. Morag ló bọ́ sáàárín.

"Dádì ṣì ń kọ́ orin ni, sà," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ wọn ni kí ẹ gbọ́."